Ooldea: Abúlé Tí Rélùwéè Mu Omi Rẹ̀

Ìtàn kan náà ni wọ́n sábà máa ń sọ nípa àwọn abúlé kéékèèké tó wà lẹ́bàá ojú irin tó la aṣálẹ̀ gúúsù Ọsirélíà kọjá. Wọ́n á ní ojú irin ló bí wọn, ẹ́ńjìnnì tuntun ló sì pa wọ́n. Nígbà tí èédú àti omi ni ọkọ̀ ojú irin fi ń rìn, ó ní láti máa dúró lóòrèkóòrè kí wọ́n lè bu omi sí i, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì pààrọ̀ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ilé mẹ́rin síbí, ilé mẹ́fà sọ́hùn-ún. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì dé, tí kò bẹ̀bẹ̀ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí ohun tí ọkọ̀ tún ń dúró ṣe mọ́. Ilé ṣófo, èèyàn lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìtàn náà rọrùn láti sọ, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, torí pé ta ni yóò bá ayé tó ń yí ṣẹjọ́? Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn abúlé wọ̀nyí, òótọ́ ni. Ooldea nìkan ni kò bá a mu. Ooldea ti wà kí irin tó dé. Omi rẹ̀ ti bàjẹ́ kí dísẹ́ẹ̀lì tó dé. Ohun tó sì kó àwọn tó ni ín kúrò níbẹ̀ kò jẹ mọ́ irú ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ ń lò. Èrò tèmi ni pé rélùwéè kò tẹ Ooldea dó. Ó bá a níbẹ̀ ni, ó mu omi rẹ̀, àti nínú omi mímu yẹn ni púpọ̀ nínú wàhálà tó tẹ̀ lé e, títí dé orí bọ́ǹbù átọ́míìkì, ti gba ọ̀nà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Ìpínlẹ̀ South Australia ni Ooldea wà, ní etí ìlà-oòrùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nullarbor. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkúta ẹfun ni Nullarbor, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, igi kò sì pọ̀ níbẹ̀ débi tí èèyàn yóò rí ibòji sá sí. Òjò tó bá rọ̀ síbẹ̀ kì í dúró. Inú òkúta ló ń wọ̀ lọ, èyí tó bá sì rí ibi kó jọ sí nísàlẹ̀, iyọ̀ ti bà á jẹ́. Ojú irin tó gba ibẹ̀ láti Port Augusta dé Kalgoorlie gùn ní 1,693 kìlómítà, síbẹ̀ kò gba orí odò kan ṣoṣo tó ń ṣàn tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò kọjá. Níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí ti parí, tí òkìtì yanrìn pupa ti bẹ̀rẹ̀, ni omi dídùn Ooldea wà. Kì í ṣe adágún, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìsun tó ń ṣàn. Yanrìn ló bò ó. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè rìn kọjá lórí rẹ̀ kí òǹgbẹ sì pa á níwájú díẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi ọwọ́ wa yanrìn, yóò dúró díẹ̀, omi yóò sì máa sun jáde. Bí amù ni ibẹ̀ ṣe rí: yanrìn ló kún inú rẹ̀, amọ̀ líle tó tẹ́ sísàlẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi jò lọ bá omi iyọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ amọ̀ yìí sọ́kàn.

Omi tí kì í tán nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ti ìdílé kan. Àwọn onílẹ̀, tí àwọn ọmọ wọn ń pe ara wọn ní Anangu lónìí, máa ń ti inú aṣálẹ̀ àríwá wá síbẹ̀. Àwọn mìíràn ń ti etí òkun wá láti gúúsù, àwọn mìíràn láti ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe orò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́mọ fọ́kọ, tí wọ́n sì ń parí ìjà. Ọ̀dá ló máa ń kó wọn jọ jù, torí pé nígbà tí gbogbo kòtò omi yòókù bá gbẹ, tibẹ̀ kì í gbẹ. Oyìnbó arìnrìn-àjò kan, Ernest Giles, dé ibẹ̀ ní 1875 nígbà tó ń múra láti fi ràkúnmí la aṣálẹ̀ já sí Perth, níbẹ̀ ló sì pàgọ́ sí kó tó gbéra. Ẹni tó mọ ìnira tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ni. Bí a bá wá ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀ ní abúlé rélùwéè, ẹni tó kẹ́yìn dé la fi ìlú sọ lórúkọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló bí ojú irin náà. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Ọsirélíà para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan ní 1901, Western Australia ló lọ́ra jù, wọ́n sì fi ìlérí ojú irin tí yóò so ó mọ́ ìlà-oòrùn tù ú nínú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1912 ni wọ́n dá ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Port Augusta. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, àwọn kan ń ti Kalgoorlie bọ̀, wọ́n sì pàdé ní agbègbè Ooldea ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1917. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó máa rìn ín já gbéra. Ẹni tó bá wo máàpù ojú irin náà yóò rí nǹkan kan: láti ìwọ̀-oòrùn Ooldea, irin náà nà tàrà fún 478 kìlómítà láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì, kò sì sí ojú irin mìíràn láyé tó nà tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ì bá tìtorí rẹ̀ yà. Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n fún àwọn ibùdó tí wọ́n gbé kalẹ̀ lójú ọ̀nà: Barton, Watson, Fisher, Cook, Hughes, Reid, Deakin. Orúkọ àwọn olórí ìjọba Ọsirélíà ni gbogbo wọn, bí ẹni pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n tò sẹ́bàá irin. Ibi tí kò ní orúkọ lójú wọn ni wọ́n sọ ní orúkọ olóṣèlú. Ooldea ti ní tirẹ̀; àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń mu omi ibẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé kí èèlò irin kankan tó débẹ̀.

Kí ni rélùwéè wá fi omi náà ṣe? Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn ní ìkòkò irin ńlá kan tó ń se omi, oru omi náà ló sì ń ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ síwájú. Omi tó ń lò kì í ṣe kékeré. Èyí tí wọ́n ń gbẹ́ lábẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fi sí i lọ títí, torí iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò nínú, á dí àwọn ọ̀pá rẹ̀, á sì jẹ irin. Nígbà mìíràn, omi tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò mu lójú ọ̀nà ló ń gba ìdá tó pọ̀ nínú ẹrù tó ń fà. Láàárín irú ìṣòro yìí, omi dídùn tó sún mọ́ irin ní kìlómítà mélòó kan péré, wúrà ni. Wọ́n gbẹ́ kànga síbẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi kalẹ̀, wọ́n sì ń fà á lọ́sàn-án lóru. Ohun tí èèyàn fi ọwọ́ wà fún ìran dé ìran ni ẹ̀rọ dì mọ́. Nígbà tó di 1926, ó dópin: omi kànga ti di oníyọ̀, rélùwéè sì pa á tì. Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù ni pé níbi tí wọ́n ti ń wá omi púpọ̀ sí i, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ kọjá amọ̀ ìsàlẹ̀, ìdí amù sì lu. Omi tó kù lẹ́yìn ìyẹn kò tó ohun tí ayé ń torí rẹ̀ rin ìrìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé Daisy Bates ló tan ìtàn amọ̀ yìí kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ Daisy Bates kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí èèyàn ń gbára lé. Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Obìnrin yìí, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dé Ooldea ní 1919 nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún, ó sì gbé inú àgọ́ lẹ́bàá ojú irin títí di 1935. Nínú oòrùn tó lè sun ẹyin jinná, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́là líle wà lọ́rùn rẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì gùn dé kókósẹ̀, bí obìnrin tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní London lọ́dún 1905. Ó ná owó ara rẹ̀ tán lórí oúnjẹ àti aṣọ fún àwọn onílẹ̀, èyí kò ṣeé já ní koro. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló kọ ọ́ pé wọ́n ń jẹ ọmọ tuntun wọn, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ẹ̀rí gidi fún. Òun náà ló dá a lójú pé ìran wọn ń kú tán, débi pé àkọlé ìwé tó gbé jáde ní 1938, The Passing of the Aborigines, ń kéde ìsìnkú wọn. Ìran náà kò kú. Nítorí náà, n kò ní fi ẹ̀rí rẹ̀ nìkan dúró. Ẹ̀rí tó lágbára jù ti ọwọ́ rélùwéè fúnra rẹ̀ wá: iléeṣẹ́ tó ń wá omi dídùn bí ojú tó sì gbé ẹ̀rọ sórí èyí tó dára jù ní gbogbo ojú ọ̀nà náà, kì í dédé fi í sílẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án àfi tí kò bá wúlò fún un mọ́. Bóyá amọ̀ ni wọ́n lu, bóyá fífà àfàjù ló jẹ́ kí omi iyọ̀ gun òkè, ọwọ́ kan náà ló ṣe é.

Àtakò tó tún wúwo jù ìyẹn lọ ni ti àwọn tó ń sọ pé àwọn onílẹ̀ kò sá fún ojú irin, ńṣe ni wọ́n wá bá a. Lóòótọ́ ni. Láti 1917 lọ, àwọn èèyàn túbọ̀ ń ti inú aṣálẹ̀ wá sí ẹ̀bá irin. Ọkọ̀ èrò yóò dúró, àwọn arìnrìn-àjò yóò yọrí lójú fèrèsé, àwọn onílẹ̀ yóò sì máa ta igi gbígbẹ́ àti búmeráàǹgì fún wọn, tàbí kí wọ́n gba owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá jù sílẹ̀, kí ẹnìkan tún ya fọ́tò wọn kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, tíì àti tábà wà níbẹ̀. Ta ni kò ní wá? Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ohun tí àtakò yìí gbójú fò. Ibi tí wọ́n wá kì í ṣe ibi àjèjì. Ibi tí àwọn bàbá wọn ti ń wá nígbà ọ̀dá ni. Ẹsẹ̀ ti mọ ọ̀nà náà kí ìyẹ̀fun tó dé. Ohun tó yí padà ni pé tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá, wọ́n á mu, wọ́n á ṣe orò, òjò á rọ̀, wọ́n á sì padà sínú ilẹ̀ wọn. Nígbà tí omi bàjẹ́ tí ẹran ìgbẹ́ sì ti sá fún ariwo àti ìbọn, kò sí ohun tó lè gbọ́ bùkátà wọn níbẹ̀ mọ́ àfi ohun tí ọkọ̀ bá gbé wá. Ẹni tó gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó da ọbẹ̀ rẹ̀ nù, a lè sọ pé ó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pàápàá, ohun tí ọkọ̀ bá gbé wá ni wọ́n ń jẹ. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Tea and Sugar, tó ń ná ojú ọ̀nà yẹn láti ìgbà kíkọ́ irin títí di 1996. Ọjà tó ń rìn ni. Alápatà wà nínú kọ́ọ̀ṣì kan, ó ń gé ẹran fún àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ tó tò sísàlẹ̀. Ilé ìtajà wà nínú òmíràn. Owó oṣù wà níbẹ̀, omi wà nínú táńkì, bàbá Kérésì sì máa ń bá a wá lóṣù Kejìlá fún àwọn ọmọdé tó jẹ́ pé ọkọ̀ yẹn nìkan ni ìlú ńlá tí wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí abúlé tí irin bí tí irin sì pa, Cook ni kí ẹ wò, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ooldea. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1917, ó ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ̀wọ̀n oníyàrá méjì, àti pápá gọ́ọ̀fù tí kò ní koríko. Ní 1997, wọ́n ta iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba fún aládàáni, wọ́n sì ti Cook pa. Èèyàn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló kù. Cook kò ní ìtàn mìíràn yàtọ̀ sí ti irin, nígbà tí irin sì ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́, ó tán. Ti Ooldea kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò dé ojú ọ̀nà yẹn títí di 1951. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko ni omi Ooldea ti fi ṣáájú rẹ̀ bàjẹ́.

Lẹ́yìn omi ni ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ní 1933, Annie Lock ti ẹgbẹ́ United Aborigines Mission dá míṣọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń sùn sí, lọ́tọ̀ sí àwọn òbí wọn. Nígbà tí Ronald àti Catherine Berndt lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1941, àwọn èèyàn ṣì ń ti àríwá wọlé, orò ṣì ń lọ, ìwádìí wọn lórí Ooldea sì kún fún ohun tí Bates ti ní ó ń kú lọ. Ní oṣù kẹfà 1952, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olórí míṣọ́n, wọ́n sì tì í pa lójijì. Wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Yalata, ní gúúsù, ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti rà. Ilẹ̀ eléérú ni wọ́n bá níbẹ̀, kì í ṣe yanrìn pupa tí wọ́n mọ̀. Àwọn kan yóò ní ìjà ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kí ló kan rélùwéè? Ó kàn án báyìí: míṣọ́n tó lè tilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ kan kí gbogbo ayé tú ká, ibi tí ayé ti ń gbé lórí rẹ̀ nìkan ló ti lè ṣẹlẹ̀. Ká ní omi ṣì wà bó ti wà ní 1875, pásítọ̀ ì bá dìde lọ, kí àwọn olómi sì jókòó.

Lẹ́yìn ọdún kan, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Emu Field, nínú aṣálẹ̀ àríwá. Ibẹ̀ jìn jù, ẹrù kò rọrùn láti gbé dé ibẹ̀, ni wọ́n bá wá ibòmíràn tó sún mọ́ ojú irin. Maralinga ni wọ́n mú, ní àríwá ibùdó Watson, ibùdó kan náà tí wọ́n fi orúkọ olórí ìjọba sọ. Láàárín 1956 sí 1957, bọ́ǹbù ńlá méje ni wọ́n yìn níbẹ̀, àwọn ìdánwò kéékèèké tó da májèlé sílẹ̀ sì ń bá a lọ títí di 1963. N kò sọ pé àwọn tó gbẹ́ kànga ní 1917 mọ̀ pé bọ́ǹbù ń bọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilẹ̀ tí wọ́n lè pè ní ilẹ̀ òfìfo ní 1956, ẹnìkan ló sọ ọ́ di òfìfo, ojú irin tó gbé omi lọ náà ló sì gbé ẹrù bọ́ǹbù wá. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa wá àwọn onílẹ̀ kiri nínú agbègbè náà kò ju èèyàn kan tàbí méjì lọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí James McClelland darí ní 1984 sí 1985 sọ ọ́ gbangba pé ètò ààbò fún wọn kò tó rárá.

Ẹ̀rí kan wà níwájú ìgbìmọ̀ náà tó jẹ́ pé lójú tèmi, òun ló yanjú ọ̀rọ̀ ohun tí Ooldea jẹ́. Ní oṣù karùn-ún 1957, àwọn ọmọ ogun rí ìdílé kan, ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì, pẹ̀lú ajá wọn, tí wọ́n pàgọ́ sẹ́bàá kòtò tí bọ́ǹbù Marcoo gbẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n wọ́n bóyá májèlé wà lára wọn, wọ́n wẹ̀ wọ́n, wọ́n kó wọn lọ sí Yalata, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó rí wọn pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Obìnrin náà lóyún nígbà náà. Ọmọ inú rẹ̀ kò yè. Níbo ni wọ́n ń lọ? Ooldea ni. Láti àríwá ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, wọn kò gbọ́ pé míṣọ́n ti tú ká, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé bọ́ǹbù ti bẹ́ lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń ti inú aṣálẹ̀ fẹsẹ̀ rìn kó ọmọ lọ sí ibi tí ọkọ̀ ti ń bu omi lásán.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ti sú yóò ní ṣebí wọ́n ti dá ilẹ̀ padà. Wọ́n dá a padà lóòótọ́. Òfin 1984 fún Maralinga Tjarutja ní ilẹ̀ tó pọ̀, ìyókù tí wọ́n ti ń fọ májèlé rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2009, ìjọba àpapọ̀ sì ti san mílíọ̀nù 13.5 dọ́là Ọsirélíà fún wọn ní 1994. Ṣùgbọ́n ti bọ́ǹbù ni owó yẹn. Bákan náà ni mi ò bá ojú irin ṣọ̀tá: orílẹ̀-èdè tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, ọkọ̀ sì ń ná an títí di òní. Ohun tí mo kọ̀ ni ìṣirò tó ka iye irin, iye igi ìtẹ́lẹ̀ àti iye ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọ, tí kò sì ka kànga kan ṣoṣo mọ́ ohun tí wọ́n ná. Nígbà tí àwọn Anangu rí ọ̀nà kúrò ní Yalata ní ìgbà òfin náà tí wọ́n fẹ́ tẹ ibùgbé tuntun dó lórí ilẹ̀ wọn, wọn kò padà sí ẹ̀bá irin ní Ooldea. Oak Valley ni wọ́n lọ, jìnnà sí àríwá ìwọ̀-oòrùn Maralinga, níbi tí wọ́n ti ń fi táńkì gbe omi òjò.